Tony Bennett: kí ló mú ohùn ọkùnrin yìí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lágbo?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin olólùfẹ́ orin, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ Tony Bennett ni mo gbé wá, olórin ará Amẹ́ríkà tó fayé sílẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó pé ẹni ọdún 97. Ọdún 1951 ni orin rẹ̀ Because of You gbé e dé ipò kìíní lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ 10 gbáko ló sì fi wà níbẹ̀. Ọdún 2021 ni Love for Sale, àwo tí òun àti Lady Gaga jọ ṣe, jáde. Àádọ́rin ọdún ló wà láàárín méjèèjì, irú orin kan náà ló sì ń kọ.

Ibẹ̀ gan-an ló ń yà mí lẹ́nu. Rọ́ọ̀kì dé, ó bá a lágbo. Dísíkò dé, dísíkò tún lọ. Ráàpù dé, bàbá ṣì wọ kóòtù, ó so táì, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, ó ń kọ orin ìfẹ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbọ́ ọ tó dáyé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń sáré tẹ̀lé gbogbo àṣà tó bá dé, mélòó la ṣì ń gbúròó wọn?

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: Anthony Dominick Benedetto lorúkọ àbísọ rẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1926 ni wọ́n bí i sí Queens ní New York. Calabria nílẹ̀ Ítálì ni bàbá rẹ̀ ti wá, ó ń ta oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù, àìsàn ò sì jẹ́ kó gbádùn. Ọmọ náà ò ju ẹni ọdún 10 lọ tí bàbá fi kú. Lọ́mọ ọdún 16 ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà nílé oúnjẹ ládùúgbò, ó sì ń kọrin fún wọn bó ṣe ń gbé abọ́. Lọ́dún 1949, Pearl Bailey, obìnrin olórin aláwọ̀ dúdú tó ti lókìkí nígbà náà, ní kó wá máa kọrin ṣáájú òun ní Greenwich Village. Bob Hope, gbajúmọ̀ aláwàdà, wá síbẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó mú un lọ sórí ìtàgé tirẹ̀, òun ló sì gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Tony Bennett.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé oríire ni, ṣé ọgbọ́n ni, àbí ohùn náà ló lágbára ju tàwọn yòókù lọ? Ẹ bá mi dá sí i.

Atẹdùùrù

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ìyá rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn ikú bàbá, aṣọ rírán ni ìyá yẹn fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Iye aṣọ tó bá rán parí ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un, ẹni tó bá rán púpọ̀ ló ń rí jẹ. Síbẹ̀, Bennett máa ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé bí ìyá òun bá mú aṣọ tí kò dáa nínú èyí tí wọ́n kó fún un, ńṣe ló máa jù ú sẹ́yìn, á ní kí ẹnikẹ́ni má gbé aṣọ burúkú fóun rán. Ebi wà nílé o, àwọn ọmọ ń wò ó! Ọmọ tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn, nígbà tó di olórin, bó ṣe ṣe sí orin nìyẹn. Bí orin kan ò bá dùn mọ́ ọn, bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò bá lórí, á jù ú sẹ́yìn.

Ní ti ohùn, ó kọ́ ọ ni. Lẹ́yìn ogun, ìjọba Amẹ́ríkà ń sanwó ẹ̀kọ́ fáwọn tó jagun bọ̀, ó sì lọ sí American Theatre Wing. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bel canto, ọgbọ́n tí àwọn akọrin Ítálì fi ń ṣọ́ èémí ná. Olùkọ́ rẹ̀ kan, Miriam Spier, sọ fún un pé kó má fara wé olórin kankan, torí á kàn di ọ̀kan nínú àìmọye aláfarawé. Ó ní àwọn tó ń lo ohun èlò orin ni kó máa fetí sí. Bennett bá lọ gbájú mọ́ Art Tatum, atẹdùùrù tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán.

Èmi tí mo ń tẹ dùùrù fáwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí mo máa ń gbọ́ lára rẹ̀ nìyí: ìlù á kọjá tán kó tó ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́. Á fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, á fà á, ẹ̀rù á fẹ́ máa bà yín pé orin ti sá fún un, á wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ìparí á bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí gẹ́lẹ́. Tatum ni mò ń gbọ́ níbẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé Ralph Sharon, atẹdùùrù ọmọ London tó dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́dún 1957. Òun ló kìlọ̀ fún un pé bó bá ń kọ àwọn orin aládùn yẹn nìkan, kò ní pẹ́ sú aráyé, kó fi jáàsì sí i. Orin tí gbogbo ayé fi mọ Bennett, I Left My Heart in San Francisco, inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Àwọn akọrin-sílẹ̀ méjì, George Cory àti Douglass Cross, ti kó ìwé orin fún Sharon tipẹ́, ó kó o sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbàgbé. Ọjọ́ tó ń di ẹrù ìrìn àjò ló rí i. Òtẹ́ẹ̀lì Fairmont ní San Francisco ni Bennett ti kọ́kọ́ kọ ọ́ fún àwọn ará ìlú náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1961. Nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1962, ẹ̀yìn àwo ni wọ́n fi sí, orin míì ni wọ́n rò pé yóò tà. Àwọn oníṣẹ́ rédíò ló yí àwo padà.

Ẹlẹ́nu Òdodo

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Irọ́ ni pé kò yẹsẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn Beatles, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìgboro, Columbia, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, ki í láyà pé kó máa kọ orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́. Ó ṣe é ní 1970: Tony Sings the Great Hits of Today! Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun bì kóun tó lè wọlé lọ kọ ọ́. Àwo náà ò tà. Lọ́dún 1972, òun àti Columbia túká.

Ó wá dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Improv. Orin gidi jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá a pín àwo káàkiri ìlú, ọdún 1977 ló kógbá wọlé. Ó ń kọrin ní Las Vegas, kò ní ilé iṣẹ́ àwo, kò ní alábòójútó. Kòkéènì di bárakú. Àwọn agbowó orí ń lé e kiri, wọ́n fẹ́ gba ilé tó ń gbé ní Los Angeles. Lọ́dún 1979 ó lo kòkéènì lálòjù, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí bọ́. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, Danny àti Dae, ó ní òun ti ṣìnà, ó jọ pé àwọn èèyàn ò fẹ́ gbọ́ irú orin òun mọ́.

Nítorí náà, bí a bá ní àìyípadà ló gbé e dé ibi gíga, àìyípadà yẹn náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sin ín. Danny ló gbà á là.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Mo gbà fún yín lórí ìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ wá wo bí Danny ṣe gbà á là. Ó tún ìnáwó bàbá ṣe. Ó mú un kúrò ní Las Vegas padà sí New York. Ralph Sharon padà sídìí dùùrù. Nígbà tó di 1986, Columbia kan náà gbà á padà, The Art of Excellence jáde. Danny ò ní kó kọ ráàpù, kò ní kó bọ́ kóòtù. Ibi tí àwọn ọmọdé wà ló gbé e lọ: ètò David Letterman, eré The Simpsons, títí dórí MTV.

MTV Unplugged ọdún 1994 yẹn, ètò tí wọ́n ti ń kọrin láìlo ohun èlò oníná, mo máa ń tún un gbọ́. Bàbá ẹni ọdún 67 ń kọrin, Sharon wà nídìí dùùrù, kò sí iná aláràbarà, kò sí oníjó. Àwọn ọmọ tó jókòó síwájú ń pariwo bí ẹni pé ẹgbẹ́ wọn ló ń kọrin. Àwo náà ló gba Grammy fún àwo tó dára jù lọ nínú ọdún, ní 1995. Orin ò yí padà, àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ ló yí padà. Ibẹ̀ ni mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ṣọ́jà Fẹ̀yìntì

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ̀ nípa dùùrù, iṣẹ́ ológun ni mo ṣe. Nígbà tí ẹ bá ń sọ nípa ẹni tí kò yẹsẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ látojú ogun.

Wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun ní 1944, ó bá ara rẹ̀ ní Faransé àti Jámánì nígbà tí ogun ń lọ sópin, ní ẹgbẹ́ 63rd Infantry. Ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó tú àgọ́ kan sílẹ̀ nítòsí Landsberg, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka Dachau, níbi tí àwọn Násì ti ń pa àwọn èèyàn. Ó sọ pé ohun tóun rí kò jẹ́ kóun fẹ́ràn ogun mọ́ láéláé.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Mannheim, lọ́jọ́ ọdún Ìdúpẹ́ ní 1945. Ó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ní New York, òun náà ti di ṣọ́jà. Ó mú un lọ jẹun nílé oúnjẹ àwọn ọmọ ogun. Nígbà yẹn, aláwọ̀ funfun àti dúdú kì í jẹun pọ̀ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ọ̀gá kan rí wọn, inú bí i, ó fa abẹ yọ, ó gé àmì ipò kọ́púrà kúrò lápá aṣọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n rọ̀ ọ́ loyè, wọ́n sì gbé e lọ síbi iṣẹ́ híhú òkú àwọn ṣọ́jà tí wọ́n sin pọ̀, kí wọ́n lè tún wọn sin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ ìjọba rí mọ ohun tó túmọ̀ sí kí wọ́n gé àmì ipò ẹni lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Harry Belafonte, olórin aláwọ̀ dúdú, pè é síbi ìrìn ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú láti Selma lọ sí Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama, ọdún 1965, lẹ́yìn Martin Luther King. Ó lọ. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n wọ Montgomery, àwọn olórin kọrin fún àwọn tó ń rìn. Kò sí ìtàgé, pákó tí wọ́n tẹ́ sórí pósí òfìfo ni wọ́n dúró lé. Bennett sọ pé Viola Liuzzo ló wa ọkọ̀ gbé òun lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Obìnrin aláwọ̀ funfun, ìyá ọmọ márùn-ún. Lálẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, àwọn Ku Klux Klan yìnbọn pa á lójú pópó. Bennett náà ò gbà láti kọrin ní South Africa nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Ẹni tí kò bẹ̀rù ọ̀gá tó fa abẹ yọ, ṣé ọ̀gá ilé iṣẹ́ àwo ló máa wá yí i lọ́kàn padà?

Ọmọ Àyàn

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n rí ìdí tó fi sún mọ́ àwọn onílù dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1957, ó ṣe àwo kan, The Beat of My Heart. Ohùn rẹ̀ àti ìlù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Art Blakey lùlù níbẹ̀, Jo Jones lùlù, Chico Hamilton lùlù, Candido ọmọ Cuba náà sì wá pẹ̀lú kọ́ńgà rẹ̀. Fún olórin ìfẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin ń ké sí, ìyẹn gba àyà. Ẹ gbọ́ bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀, tí òun náà ń dá a lóhùn láìgbé ohùn sókè jù. Èmi ọmọ onílù, orí àwo yẹn ni mo ti gbà fún un. Lẹ́yìn rẹ̀ ló bá ẹgbẹ́ Count Basie, ọ̀gá olórin jáàsì aláwọ̀ dúdú, kọrin.

Columbia kan náà ló gbé Drums of Passion ti Babatunde Olatunji jáde ní 1960, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry. Etí New York ti ń ṣí sí ìlù wa nígbà náà.

Ẹlẹ́nu Òdodo

Ọmọ Àyàn, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó yẹ. Pearl Bailey ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, Tatum ló kọ́ ọ ní bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀, Basie gbà á sí ẹgbẹ́, Belafonte pè é. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó kọ irú orin yẹn nígbà náà, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń gbà wọlé. Kí a má fi ìyẹn sílẹ̀ nígbà tí a bá ń wá ìdí tó fi pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ò fi í sílẹ̀, ó ya àwòrán Duke Ellington, ọ̀gá olórin jáàsì aláwọ̀ dúdú, ó wà ní National Portrait Gallery ní Washington lónìí, orúkọ Benedetto ló sì fọwọ́ sí i.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò mọ orin tó yín, àmọ́ ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní London, àárùn ìgbàgbé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá yí. Tony Bennett náà ní in. Ọdún 2016 ni àwọn dókítà ti rí i, ṣùgbọ́n oṣù Kejì ọdún 2021 ni ẹbí rẹ̀ tó sọ ọ́ síta. Nínú gbogbo àkókò yẹn ó ń kọrin! Dókítà rẹ̀ ló ní kó má fi orin sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí. Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa, ará Jamaica. Kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á bi mí ta ni mí, mo bá dá a lóhùn, á tún bi mí kí ṣíbí tó dé ẹnu. Ṣùgbọ́n tí mo bá bẹ̀rẹ̀ orin ìjọsìn kan, á gbà á lẹ́nu mi, ẹsẹ kìíní, ẹsẹ kejì, títí dé ìkẹrin, kò ní fo ọ̀rọ̀ kan. Èmi ni mo máa ń gbàgbé ẹsẹ kẹta, òun á sì wò mí bí ẹni pé mi ò kàwé.

Nítorí náà nígbà tí mo wo Bennett ní Radio City Music Hall, ọjọ́ 3 àti 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, mo mọ ohun tí mò ń wò. Ẹni ọdún 95. Nílé, ìyàwó rẹ̀ Susan ló ń rán an létí ohun gbogbo. Orin bẹ̀rẹ̀, bàbá na ẹ̀yìn, ó la apá, ó kọ orin kan tẹ̀ lé òmíràn láìwo ìwé. Lady Gaga jáde wá, ó pe orúkọ rẹ̀ ketekete. Ọmọbìnrin yẹn sọ lẹ́yìn náà pé ó ti pẹ́ tó ti pe orúkọ òun gbẹ̀yìn. Mo sunkún níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀yin tó ń bèèrè ohun tó mú ohùn pẹ́: orin tó fẹ́ràn ló ń kọ látìgbà èwe, orin yẹn ló kẹ́yìn nínú ohun tí àárùn ń mú lọ. Ká ní orin tí wọ́n fi ipá kì í lọ́wọ́ ni, ṣé yóò wà níbẹ̀ fún un? Àwọn ẹbí rẹ̀ kéde pé orin tó kọ gbẹ̀yìn nídìí dùùrù rẹ̀ nílé ni Because of You.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Olúwa yóò máa fún yín lókun. Mi ò rí ọ̀rọ̀ fi kún ti yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Amy Winehouse ni mo fi mọ orúkọ rẹ̀. Mo wo fídíò Body and Soul tí àwọn méjèèjì kọ ní Abbey Road ní oṣù Kẹta ọdún 2011. Ẹ̀rù ń ba Amy, ó ń bínú sí ara rẹ̀, ó ń fẹ́ dáwọ́ dúró. Bàbá ò kánjú rárá. Ó ń tún un kọ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì sọ fún un pé òun gbọ́ Dinah Washington, obìnrin olórin jáàsì àtijọ́, nínú ohùn rẹ̀. Ojú ọmọbìnrin náà yí padà lọ́gán, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Oṣù Keje ọdún yẹn náà ló kú, ẹni ọdún 27. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ti bàbá fúnra rẹ̀?

Ọmọ Àyàn

The Beat of My Heart, láìwẹ̀yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, MTV Unplugged tí ẹ̀gbọ́n mẹ́nu bà.

Atẹdùùrù

Àbúrò, má gbọ́ ti onílù. Tony Bennett/Bill Evans Album, tí òun àti Bill Evans atẹdùùrù jáàsì jọ ṣe, ni kó o kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Berkeley, California ní 1975. Ohùn kan, dùùrù kan, kò sí ìlù, kò sí béèsì, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá sí. Kó o wá gbọ́ èkejì, Together Again, Improv ló gbé e jáde ní 1977. Ọdún tí nǹkan dojú rú fún un yẹn náà ni èyí jáde! Bill Evans pè é lórí fóònù kó tó kú ní 1980, ó ní kó máa lé òtítọ́ àti ẹwà nìkan, kó gbàgbé ìyókù. Bennett ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ títí ó fi darúgbó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Mo ti gbọ́ ti 1975 tán, ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Nínú Some Other Time, ọwọ́ òsì Evans ń pààrà ohun kan náà léraléra látìbẹ̀rẹ̀, bàbá sì ń gbé ọ̀rọ̀ lé e bí ẹni tó ní gbogbo àkókò ayé. Ṣé Bennett ló ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀?

Atẹdùùrù

Rárá o, ti Evans ni. Ọdún 1958 ló ti fi ìṣíde orin yẹn kan náà ṣe Peace Piece, lórí àwo Everybody Digs Bill Evans. Wá a gbọ́, kó o wá padà sí ti Bennett, wàá rí i pé ọdún 17 ni ìlẹ̀kùn yẹn ti wà ní ṣíṣí kí ohùn tó gba ibẹ̀ wọlé.